Lẹ́tà Ojú Dáṣíbọ́ọ̀dù: Bí A Ṣe Lè Yan Ọ̀nà Ìkọ̀wé Tí Ó Yẹ Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìdúmọ̀tà, ní ìsàlẹ̀ afárá Carter tí a kọ́kọ́ ṣí ní ọdún 1901, yóò rí bí ọkọ̀ ti ń wọ Erékùṣù Èkó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ará ìletò ni wọ́n ti bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ débẹ̀ láti ra ọjà. Danfó aláwọ̀ ìyeyè, tí ó ní ìlà dúdú méjì lára, kì í wọ́n níbẹ̀. Àdúrà, òwe, orúkọ ọmọ tàbí ìkìlọ̀ a sì máa wà lára rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Gbogbo ayé ni ó ń ka èyí. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn tún wà nínú ọkọ̀ kan náà, tí ó jẹ́ pé awakọ̀ nìkan ni ó ń kà á. Òun ni ìwé kékeré tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ní ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹ̀yìn ọkọ̀ lè pa èrò lẹ́rìn-ín. Ìwé iwájú awakọ̀ lè gba ẹ̀mí wọn là. Lórí èyí ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé.

ÌDÍ TÍ ÌWÉ KÉKERÉ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí awakọ̀ sì fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré wá bọ́tìnnì wáípà, ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti rin mítà 44 kí ó tó gbé ojú sókè padà. Nínú mítà 44 yìí, ọmọdé lè sáré gba ojú ọ̀nà kọjá, ọkọ̀ iwájú sì lè dúró gbì. Àwọn àgbà sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Lẹ́tà tí ó ti pa rẹ́, tàbí tí ó ti ṣí kúrò, tàbí tí kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ yékéyéké, ń jí ojú awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ni.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ jáde, ìṣòro yìí kò pọ̀. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ káàkiri ayé ti fohùn ṣọ̀kan lórí àwọn àmì tí wọ́n ń yà sí ojú bọ́tìnnì, àmì wọ̀nyí sì wà nínú ìwé ìlànà tí a ń pè ní ISO 2575. Àwọ̀ iná kéékèèké ojú dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú ní èdè tirẹ̀. Búlúù ń sọ pé iná iwájú ti gùn jù fún ojú ẹni tí ń bọ̀. Àwọ̀ ewé ń sọ pé iná ìyànà ń ṣẹ́jú. Pupa ń sọ pé ewu dé, bí ìgbà tí agbára òróró ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà rárá lè kọ́ ìwọ̀nyí láàárín ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa kí a tó fi nǹkan kún un. Ẹ jẹ́ kí a rántí molué, tí ó gba ojú ọ̀nà Èkó kan ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ férémù àti ẹ́ńjìnnì Mercedes-Benz 911 tí ó wá láti òkè òkun, tí àwọn wẹ́dà ilẹ̀ yìí sì kan ara àti ìjókòó mọ́. Rẹ́wáyà ni ó ń fa wáyà iná inú ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó kọ orúkọ sí bọ́tìnnì tí rẹ́wáyà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè mọ́ ọn. Bákan náà ni ó rí lónìí. A ń fi fáànù, iná àfikún, ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti fèrè kejì kún ọkọ̀ tòkunbọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan tí ó ti Jàpáánù wá, èdè Jàpáánù ni a fi kọ ìkìlọ̀ sí inú wọn. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé tirẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ẹnì kan ṣoṣo ni ìmọ̀ bọ́tìnnì wọ̀nyí yóò máa gbé. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá bá a wa ọkọ̀ náà, ìṣòro dé.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ Ó ṢÁÁJÚ IṢẸ́

Ọ̀nà tí a lè fi kọ lẹ́tà pọ̀. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn a yan èyí tí ó dára jù lójú ní ọjọ́ tí a ṣe é. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni bí yóò ti rí lẹ́yìn ọdún kan. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta wà tí ó yẹ kí olúwa ọkọ̀ kọ́kọ́ dáhùn.

Èkíní: Kí ni a fẹ́ kọ ọ́ sí? Irin, igi, ike tí ó ń dán àti ike tí ojú rẹ̀ ṣe hóró-hòro kì í gba ọ̀nà kan náà. Ohun tí ó lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́ lè ṣí kúrò lára ike oníhóró láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé orí àwọn hóró náà nìkan ni gọ́ọ̀mù rẹ̀ fara kàn.

Èkejì: Kí ni yóò jìyà rẹ̀? Nínú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn ọ̀sán, ooru ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lè tó ìwọ̀n 70 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Òógùn ọwọ́ wà níbẹ̀, eruku wà níbẹ̀, atẹ́gùn iyọ̀ sì ń fẹ́ wá láti inú òkun àti ọ̀sà tí ó yí Erékùṣù Èkó ká. Èyí tí ó burú jù ni òróró ìdán tí àwọn awakọ̀ fi ń pa dáṣíbọ́ọ̀dù lára. Ibi tí ó bá ti kan, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ mú un.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò kà á, nígbà wo ni yóò sì kà á? Ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún sábà máa ń rí ohun tí ó súnmọ́ ọn bàìbàì. Alẹ́ a máa lẹ́, ọkọ̀ a sì máa gbọ̀n. Fún ìdí wọ̀nyí, kí gíga lẹ́tà má ṣe dín ní mílímítà 5; kí ó jẹ́ lẹ́tà ńlá tí ó dúró ṣánṣán, tí kò ní ìrù tàbí ọ̀ṣọ́; kí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ gédégédé sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà dúdú lára danfó aláwọ̀ ìyeyè fi èyí hàn: a ń rí i láti òkèèrè. Eérú lórí dúdú, tàbí pupa lórí búlúù, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní oore.

ÀWỌN Ọ̀NÀ NÁÀ, ÀǸFÀÀNÍ WỌN ÀTI ÀLÉÉBÙ WỌN

1. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà. Èyí ni iṣẹ́ àwọn sáìn-ráítà tí ń kọ ara ọkọ̀. Ọwọ́ tí ó já fáfá lè kọ ọ́ sí ibikíbi, ìbáà jẹ́ irin tàbí igi, ó sì lè fi gbogbo àmì èdè Yorùbá sí i láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kékeré le fún búrọ́ọ̀ṣì. Ìka ọwọ́ a sì máa họ ọ̀dà kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí a bá yan ọ̀nà yìí, kí a fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ bò ó lórí nígbà tí ó bá gbẹ tán.

2. Ìwé oníhò. A ó gé lẹ́tà náà sí ara páálí tàbí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó gbé e lé ojú ibẹ̀, a ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Ó dára fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ púpọ̀ tí wọ́n bá ara wọn mu, nítorí pé ìwé oníhò kan lè ṣe ogún ọkọ̀. Kí ọ̀dà má ṣe pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ṣàn wọ abẹ́ páálí.

3. Lẹ́tà àrínú. Ilé-iṣẹ́ Letraset ní ìlú Lọ́ńdọ́nù ni ó sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970. Lẹ́tà wà lẹ́yìn ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Bí a bá fi nǹkan tí ó kúnjú rin ín, lẹ́tà náà yóò kúrò lára ìwé, yóò sì lẹ̀ mọ́ ibi tí a fẹ́. Ó mọ́ bí ìwé tí a tẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí ó dán nìkan ni ó fẹ́, kò sì lè pẹ́ rárá bí a kò bá fi fáníìṣì bò ó.

4. Ike tí a ń tẹ lẹ́tà yọ lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Dymo, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1958, ni ó mú un lókìkí. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju ẹkúnwọ́ lọ. A ó yí àgbá róbótó orí rẹ̀ dé lẹ́tà tí a fẹ́, a ó fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, lẹ́tà yóò sì wú funfun lára ike aláwọ̀. Ó rọrùn, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni ooru: nínú ooru líle, lẹ́tà tí ó ti wú a máa rọ̀ padà, funfun rẹ̀ a sì máa pòórá, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú a máa dẹ̀. Ó yẹ inú àpótí fíúsì tí oòrùn kò dé ju ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ.

5. Lílu lẹ́tà sára irin. A ó fi òòlù lu irin olórí lẹ́tà mọ́ àwo irin tàbí ti bàbà, a ó kun ọ̀dà sínú ojú rẹ̀, a ó sì nu òkè rẹ̀ mọ́. Oòrùn kò lè pa á rẹ́, òógùn kò lè fọ̀ ọ́. Kí a ṣe é lórí tábìlì, kí a tó fi ìdè dè é mọ́ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá lù ú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lè fọ́ awò àwọn aago ibẹ̀.

6. Sítíkà. Oríṣi méjì ni, ìyàtọ̀ wọn sì tóbi. Nínú oríṣi kìíní, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni ó ń fi ọ̀bẹ gé lẹ́tà láti inú ike aláwọ̀. Àwọ̀ náà wọ inú ike já, nítorí náà kì í tètè ṣá. Nínú oríṣi kejì, ńṣe ni a tẹ yíǹkì sí ojú ike. Oòrùn a máa mú un ṣá, àfi bí a bá fi ike mìíràn tí ó mọ́ gaara bò ó. Ẹ̀rọ kékeré kan wà pẹ̀lú tí ń fi ooru tẹ lẹ́tà sí abẹ́ irú ike gaara bẹ́ẹ̀, ó sì dára púpọ̀ fún bọ́tìnnì.

7. Fífín. Ẹ̀rọ lésà ń fi ìmọ́lẹ̀ líle fín ojú ike tí ó ní àwọ̀ méjì: òkè lè jẹ́ dúdú, abẹ́ a sì jẹ́ funfun. Àwọn onígbá Ọ̀yọ́ mọ irú ọgbọ́n yìí láti ayé àtijọ́, nítorí pé bí wọ́n bá fín ojú igbá, ohun tí ó wà lábẹ́ a yọ jáde. Lẹ́tà tí a fín kì í ṣí, kì í sì í parẹ́. Òun ni ó wọ́n jù, ó sì ń fẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: ike tí a ń pè ní PVC, tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sítíkà, kò gbọdọ̀ kan lésà, nítorí pé èéfín olóró ni yóò mú jáde.

ÌDÁNWÒ “INA ERO”

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sọ, nítorí pé èdè àwọn tí ó ṣe é kò ní irú rẹ̀. Èdè Yorùbá ní àmì lábẹ́ lẹ́tà àti àmì lórí lẹ́tà. Láti ọdún 1875, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ CMS pé jọ sí Èkó láti fìdí àkọtọ́ wa múlẹ̀, ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní àyè wọn láàárín lẹ́tà wa.

Ẹ wo ọkọ̀ akérò kan tí ó ní bọ́tìnnì iná méjì. Ọ̀kan ń tan iná tí ó wà lórí àwọn èrò nínú ọkọ̀. Èkejì ń tan iná tí mẹkáníìkì fi ń wo ẹ̀rọ lóru. Bí a bá kọ ọ́ dáradára, èkíní ni INÁ ÈRÒ, èkejì sì ni INÁ Ẹ̀RỌ. Bí a bá yọ àmì kúrò, INA ERO ni méjèèjì. Awakọ̀ tí ó ń wa ọkọ̀ náà fún ìgbà kìíní lóru yóò tẹ èyí tí kò fẹ́. Ó tún di dandan kí ó wolẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ èdè Yorùbá sí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ pé: “Ǹjẹ́ ẹ lè kọ INÁ Ẹ̀RỌ fún mi?” Àgbá lẹ́tà Dymo kò ní Ẹ. Irin olórí lẹ́tà tí a ń tà ní ọjà sábà máa ń jẹ́ 27 péré, A sí Z àti àmì kan. Ṣùgbọ́n a lè fi irin olójú ṣóńṣó lu àmì sí abẹ́ E lẹ́yìn náà. Lẹ́tà àrínú náà ń fẹ́ kí a fi ọwọ́ kún un. Búrọ́ọ̀ṣì lè ṣe é láìsí ìṣòro. Sítíkà àti lésà lè ṣe é bí kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ náà bá ní lẹ́tà Yorùbá. Kí a rí i lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó gé e. Bí ọ̀nà tí owó wa ká kò bá lè gbé àmì, kí a yí ọ̀rọ̀ padà: kí a kọ INÁ INÚ sí ọ̀kan àti INÁ ẸŃJÌNNÌ sí èkejì, kí wọ́n má baà jọ ara wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì kò sí. Ó sì dára kí a ya àwòrán kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fún ẹni tí kò mọ̀wé.

MÁÌLÌ ÀTI KÌLÓMÍTÀ

Ìwé kan wà tí ó ṣe kókó ju ti bọ́tìnnì lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni ó jẹ́ pé máìlì ni aago ìsáré wọn fi ń kà, tí kìlómítà sì wà ní lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, kìlómítà ni òfin ojú ọ̀nà fi ń ka ìsáré, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 sì ń tẹ̀lé e. Kìlómítà 50 ni òfin gbà láàárín ìlú. Bí awakọ̀ bá rí 50 lójú aago tirẹ̀, tí ó sì rò pé òun wà nínú òfin, kìlómítà 80 gan-an ni ó ń sáré láàárín àwọn ọmọ iléèwé.

Oògùn rẹ̀ ni ìwé kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ aago náà, tí kò bo awò rẹ̀: MÁÌLÌ 31 = KÌLÓMÍTÀ 50; 50 = 80; 56 = 90. Èyí tí ó kẹ́yìn ni òpin ìsáré ọkọ̀ akérò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Irú ìwé yìí yẹ kí ó pẹ́ tó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, fífín tàbí lílù sára irin ni ó tọ́ sí i.

BÍ A Ó TI ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Kí a kọ́kọ́ tú orí wáyà bátìrì kúrò bí a bá fẹ́ yọ bọ́tìnnì kankan. Kí a fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì fi sípíríìtì díẹ̀ nu òróró ìdán kúrò pátápátá. Kí a ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ bí a bá ń lo ọ̀dà tàbí tínà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mu sìgá nítòsí. Kí a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tí lẹ́tà yóò tẹ̀lé.

Kí a má ṣe lẹ ohunkóhun bo iná ìkìlọ̀. Kí a má sì ṣe lẹ nǹkan mọ́ orí àpò afẹ́fẹ́ tí ń wú jáde nígbà ìjàm̀bá, nítorí pé agbára rẹ̀ lè sọ ìwé náà di ọta sí ojú ènìyàn.

Kí a tó kọ gbogbo rẹ̀, kí a kọ ọ̀kan ṣoṣo, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn. Kí a fi ọwọ́ olóògùn pa á lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ keje, kí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ náà jókòó sí ipò awakọ̀ ní alẹ́, nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí a sì sọ fún un pé kí ó tan iná ẹ̀rọ. Bí ó bá tẹ èyí tí ó tọ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà náà dára. Bí ó bá tẹ orí wolẹ̀ tí ó ń wá a, kí a yan ọ̀nà mìíràn, bí ó ti wù kí èyí tí a ṣe lẹ́wà tó.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan, kò ní láti lọ jẹ gbèsè nítorí lésà. Búrọ́ọ̀ṣì tí ọwọ́ rẹ̀ dára, pẹ̀lú fáníìṣì lórí, tàbí sítíkà tí a gé láti inú ike aláwọ̀, tó fún un. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọkọ̀ púpọ̀ lè pa owó pọ̀ láti fín àwo kan náà fún gbogbo ọkọ̀ wọn, kí awakọ̀ tí ó bá bọ́ sínú èyíkéyìí nínú wọn lè bá ohun gbogbo ní àyè rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ó PÉJỌ SÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Ìbéèrè mẹ́ta wo ni ó yẹ kí olúwa ọkọ̀ dáhùn kí ó tó yan ọ̀nà ìkọ̀wé?
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ike Dymo kò fi yẹ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tí oòrùn ń pa?
3. Ọ̀rọ̀ méjì wo ni yóò di ọ̀kan bí a bá kọ INA ERO láìsí àmì?
4. Bí aago ọkọ̀ onímáìlì bá wà lórí 50, kìlómítà mélòó ni ọkọ̀ náà ń sáré ní wákàtí kan?
5. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ń wọ ìletò yín, èwo ni ó ní bọ́tìnnì tí ẹnì kan ṣoṣo mọ ìlò rẹ̀?